Báwo ni mo ṣe lè gbé ohun tó wà lọ́kàn ọmọ sójú fíìmù?
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Òǹkọ̀wé kan ti tọwọ́ bọ̀wé pé kí n sọ ìtàn rẹ̀ di fíìmù: ọmọ pásítọ̀ tó ń dàgbà, tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ń mì. Ìwé náà lé ní 300 ojú ewé. Ojú ewé kan nínú ìwé eré tí a fi ń ya fíìmù tó nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lójú fíìmù, nítorí náà mi ò lè kọjá ojú ewé 110. Gígé kọ́ ló ń dààmú mi. Níbi àdúrà alẹ́, ọmọ yìí lajú sílẹ̀, ó ń wo ọwọ́ bàbá rẹ̀ tó ń gbọ̀n. Ojú ewé mẹ́fà ni ìwé fi sọ ohun tó ń rò. Ṣé kí a máa gbọ́ ohùn ọmọ náà tó ń sọ èrò rẹ̀ bí àwòrán ṣe ń lọ ni (èmi ò fẹ́ràn ọ̀nà yìí rárá), àbí kí n jẹ́ kí ojú òṣèré sọ ọ́? Àbúrò ọmọ náà méjì tó wà nínú ìwé ńkọ́, ṣé mo lè sọ wọ́n di ẹyọ kan?