Àwòrán tẹlifíṣọ̀n òtẹ́ẹ̀lì ń dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹ gbà mí o

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Òtẹ́ẹ̀lì kan n'Íbàdàn ni mò ń bá ṣe tẹlifíṣọ̀n inú yàrá, sáfà kan ló ń rán gbogbo ìkànnì jáde, multicast ló ń lò, ìyẹn ni pé ẹ̀dà kan ṣoṣo ló ń rán fún gbogbo tẹlifíṣọ̀n tó bá béèrè ìkànnì kan. Nígbà tí mi ò tíì tan IGMP snooping, ṣe ni swíìṣì, àpótí tó so àwọn wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì pọ̀, ń da gbogbo ẹ̀ sí gbogbo pọ́ọ̀tù, ìyẹn ojú tí wáyà ń wọ̀, bí ẹni ń kéde láàrin ọjà, Wi-Fi àwọn àlejò ò ṣeé lò mọ́. Mo wá tàn án kó lè máa tẹ́tí sílẹ̀, kó mọ pọ́ọ̀tù tó béèrè ìkànnì wo, kó gbé e fún un nìkan. Wi-Fi já geere lóòótọ́, àmọ́ tó bá ti lé ní ìṣẹ́jú mẹ́rin àwòrán á dúró gbagidi, àfi téèyàn bá yí ìkànnì kó tó padà.

Ohun témi rò ni pé kò sí querier, ìyẹn ẹni tó yẹ kó máa bi àwọn tẹlifíṣọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá 125 síra pé ta ló ṣì ń wò, tí ò bá sẹ́ni tó bi wọ́n wọn ò ní dáhùn, tó bá wá di ìṣẹ́jú-àáyá 260, ìyẹn ìṣẹ́jú mẹ́rin àti díẹ̀, swíìṣì á yọ wọ́n kúrò. Ráútà wa ò sì ṣe multicast rárá, kò lè bá wa ṣe iṣẹ́ querier yẹn.

Ṣé kí n tan querier sórí swíìṣì àárín nìkan ni àbí lórí swíìṣì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tá a ní? Mo mọ̀ pé tí querier bá ju ẹyọ kan lọ, èyí tí àdírẹ́sì IP ẹ̀ kéré jù ló máa borí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ti ṣe é rí kó sọ bó ṣe ṣe é, àwọn àlejò ti ń bínú.