Tépù ìránṣọ ló kọ́ mi ní Ìṣirò

Olùkọ́ Ìṣirò ni mí, NCE ni mo gbà, mo sì tún ń ránṣọ. Ẹni tó bá mọ ilé tí mo ti jáde kò ní tètè gbà á gbọ́.

Àkàrà ni màámi ń dín n'Ísẹ́yìn. JSS 2 ni mo wà tí bàbá mi fi kú. Nígbà tí èsì WAEC mi jáde tí mo gba F9 nínú Ìṣirò, ẹ̀gbọ́n bàbá mi sọ lójú ẹbí pé, "Ta ló kàwé rí nínú ìdílé yìí? Ẹ mú un lọ kọ́ṣẹ́." Wọn kò fi ìkà sọ ọ́, ohun tí ojú wọn ti rí ni wọ́n sọ. Àmọ́ ó dùn mí dé egungun.

Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ aránṣọ kan n'Íbàdàn nìyẹn, ọdún mẹ́ta gbáko. Mò ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, mò ń finá sí áyọ́ọ̀nù eléèédú, mò ń lọ ra òwú àti síìpù ní Gbági. Mo forúkọ sílẹ̀ fún GCE, mo tún gba F9. Ọdún kejì, E8, kò sì tíì tó.

Lọ́jọ́ kan, ìyá kan ní ká rán síkẹ́ẹ̀tì fléà fún òun. Ìbàdí wọn jẹ́ íǹṣì 44. Ọ̀gá mi ká aṣọ sí mẹ́rin, wọ́n gbé orí tépù lé igun rẹ̀, wọ́n wọn íǹṣì 7, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fà á yípo, wọ́n gé e. Ó bá ìyá náà mu rẹ́gí. Mo ní, "Ọ̀gá, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé 7 ni?" Wọ́n ní, "Màá pín in sí mẹ́fà, màá wá yọ díẹ̀ kúrò."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo ṣí ìwé mi. 22/7 tí wọ́n fi ń wá àyíká ohun tó rí roboto, tó ti ń dẹ́rù bà mí látilé ìwé rèé: 2 × 22/7 × 7, ó di 44! Mo sunkún. Àṣé orí mi pé. Àyà 36 tí a ń pín sí mẹ́rin kó lè di 9, àṣé Ìṣirò náà ni, ojoojúmọ́ ni mo sì ń ṣe é. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, màá tan tọ́ọ̀ṣì, màá máa fi tépù yanjú ìbéèrè ọdún tó ti kọjá. Ọ̀gá mi fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún mi, Ọlọ́run á san án fún wọn.

N kò ní tàn yín o, òṣì dá mi dúró. Aṣọ iléèwé ni mo fi oṣù méjì rán kí n tó rí owó fọ́ọ̀mù kó jọ. Ọ̀rẹ́ mi tí bàbá rẹ̀ lówó ti parí yunifásítì kí n tó gba C5. Ẹni tó bá ní ilé tí a ti bí ni kò já mọ́ nǹkan kan, ebi kò tíì pa á sùn rí.

Ìgbà kẹrin tí mo jókòó ìdánwò náà ni C5 yẹn. Mo pe màámi. Wọn kò mọ C yàtọ̀ sí F.

"Ṣé èyí tó o ti ń wá yẹn ni?"

"Òun ni, màámi."

Wọ́n dákẹ́. Mò ń gbọ́ bí epo ṣe ń hó nínú agbada wọn.