Ta ni lánlọ́ọ̀dù ẹyẹ? Èrò tèmi lórí ọ̀rọ̀ purple martin

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ̀ ń kọ síra yín látìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Texas ti béèrè ọ̀rọ̀ tóun máa lò nínú ìwé pélébé fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n fẹ́ kó àwọn ọmọ náà lọ sí páàkì ìjọba kan níbi tí ẹ̀gbọ́n àti àwọn mélòó kan ti yọ̀ǹda ara wọn, tí wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀ tí wọ́n sì so ilé mọ́ ọn fún ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní purple martin. Ohun tó ti wà nílẹ̀ báyìí ni pé ẹnìkan ní ká pe ẹyẹ yẹn ní alápàáǹdẹ̀dẹ̀ elésè àlùkò, ẹlòmíì ní ajẹ̀fọn, wọ́n ní ká pe ilé ẹ̀ ní igbá ẹyẹ, ká wá pe àwọn tó ń bójú tó o ní lánlọ́ọ̀dù ẹyẹ, torí landlord náà làwọn ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe é ń pe ara wọn. Mo fara mọ́ ìdajì ọ̀kan níbẹ̀, mi ò gba ìyókù.

Ẹ jẹ́ n tètè pa ajẹ̀fọn tì, irọ́ ọlọ́jà ni. Láwọn ọdún 1960 ni wọ́n ń polówó ilé ẹyẹ alumíníọ̀mù láti ìlú Griggsville ní Illinois, wọ́n á ní ẹyẹ kan ṣoṣo máa ń jẹ ẹ̀fọn 2,000 lóòjọ́, àwọn èèyàn sì ń sọ ọ́ kiri títí dòní. Ọ̀sán ni ẹyẹ yìí ń jẹun, lókè réré, ẹ̀fọn sì rèé, ìrọ̀lẹ́ àti òru ló ń jáde, nísàlẹ̀, níbi koríko, ibo ni wọ́n ti fẹ́ pàdé? Lámilámi ló ń jẹ, labalábá, èèrà tó ń fò, eṣinṣin àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lámilámi gan-an sì rèé, ẹ̀fọn ni oúnjẹ tiẹ̀, ẹ wá wo ẹni tí orúkọ yẹn tọ́ sí.

Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ dára, mo gbà á. Ìdílé alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ni ẹyẹ náà lóòótọ́, òun ló tóbi jù nínú wọn ní Àríwá Amẹ́ríkà, ó sì máa ń gbé ẹrẹ̀ àti koríko gbígbẹ wọ inú yàrá ẹ̀, kò kàn fi ẹrẹ̀ mọ gbogbo ilé bíi tiwa tó ń mọ ọ́n sábẹ́ òrùlé ni. Elésè àlùkò ni mi ò gbà. Òyìnbó sọ pé purple, a sì sáré lọ mú ọ̀rọ̀ inú Bíbélì. Ṣé kì í ṣe àwa náà la ní àgbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékèélékèé ló lẹfun? Osùn kọ́ ló wà lára akọ purple martin, aró ni, aró tó ti jinná dáadáa, tó dúdú tó ń dán bí aṣọ ẹtù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lù, ìgbà tí oòrùn bá tàn sí i ló fi ń jọ purple yẹn. Abo àtàwọn ọmọdé inú wọn ò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, eérú eérú ni ikùn wọn. Torí náà alápàáǹdẹ̀dẹ̀ aláró ni mo mú wá. Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa sọ pé aláró ni ìyá tó ń pa aṣọ láró l’Abẹ́òkúta, kò burú, ọmọ tó bá béèrè ọ̀rọ̀ yẹn ti rí nǹkan kọ́ nìyẹn.

Igbá ẹyẹ náà kù díẹ̀ káàtó. Igbá la mọ̀ sí èyí tí wọ́n ti là. Èyí tí wọ́n ń so mọ́ òpó yẹn, odindi ni, ó lọ́rùn, wọ́n kàn lu ihò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, akèrègbè nìyẹn! Àwọn Choctaw àti Chickasaw, àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ti ń so akèrègbè fún ẹyẹ yìí kí òyìnbó tó dé, ohun ọ̀gbìn yẹn kan náà sì ni tiwa, Áfíríkà ló ti wá láti ìpilẹ̀. Nísinsìnyí oníke ló pọ̀ jù, funfun báláú kí oòrùn má bàa se àwọn ọmọ inú ẹ̀ jinná. Akèrègbè oníke, ó tán.

Ọ̀rọ̀ lánlọ́ọ̀dù yìí gan-an ló mú mi jókòó kọ̀wé. Àwàdà wọn ni, wọ́n á ní àwọn ní tẹ́náǹtì ogún, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ó sì bá ẹni tó ri òpó sẹ́yìnkùlé ara ẹ̀ mu. Àmọ́ ilẹ̀ páàkì kì í ṣe ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó bá sì ti gbé yàrá kan ní Mushin rí mọ ohun tí etí wa ń gbọ́ tí wọ́n bá ti ní lánlọ́ọ̀dù: ẹni tó kọ́lé tán, tó ń padà wá gbowó, tí kì í tún òrùlé ṣe. Ìyẹn gan-an ni mi ò fẹ́ kí àwọn ọmọ yẹn rò, pé téèyàn bá ti ri òpó, tó ya fọ́tò, iṣẹ́ ti parí.

Láti òkè Rockies wá sí ìlà oòrùn, ilé tí èèyàn bá ṣe nìkan ni ẹyẹ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń yé sí, bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ kò níbi tó ń lọ. Ilé yẹn ò sì ṣeé gbé kalẹ̀ kéèyàn máa lọ. Ológoṣẹ́ tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láwọn ọdún 1850 á gbà á, á fọ́ ẹyin, á pa ọmọ, bẹ́ẹ̀ náà ni sítálíńgì (starling), ẹyẹ òkèèrè mìíràn tí wọ́n tú sílẹ̀ ní Central Park ní New York lọ́dún 1890. Wọ́n ti rí ọgbọ́n dá sí sítálíńgì, wọ́n ń gé ẹnu ọ̀nà náà bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé kó má lè wọlé, ológoṣẹ́ kéré, ó ń gba ibẹ̀ kọjá. Torí náà ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń fi okùn sọ àwọn akèrègbè kalẹ̀, wọ́n á ka ẹyin, mẹ́rin sí mẹ́fà ló sábà máa ń jẹ́, wọ́n á kó ìtẹ́ ológoṣẹ́ dànù (òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1918 tó dáàbò bo àwọn ẹyẹ tó ń ṣí kiri ò kan ológoṣẹ́), wọ́n á wo irin tó ń dá ejò dúró lára òpó. Òpó tí ẹnikẹ́ni ò padà sí nínú páàkì, oko ológoṣẹ́ ni, ì bá sàn ká má rì í rárá.

Àǹtí wa kan dá kíatékà lábàá, ó sún mọ́ ọn, àmọ́ kíatékà Èkó ni olórí agbowó àgírímẹ́ǹtì. Alágbàtọ́ ni tèmi. Bàbá wa ti ní ọmọ èèyàn ni wọ́n ń gbà tọ́, mo júbà sà, ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ẹyẹ náà ní òbí ẹ̀, ó ń ti Brazil bọ̀ lọ́dọọdún, alágbàtọ́ kì í gba ọmọ lọ́wọ́ òbí, ó kàn ń mójú tó o ni.

Ó ku scout, orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn purple martin tó kọ́kọ́ ń dé sí Texas ní nǹkan bí oṣù kìíní sí ìkejì. Ẹ má pè wọ́n ní amí o, wọn ò wá wo ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, àwọn àgbà tó ti yé síbẹ̀ rí ló ń padà sílé. Àkọ́dé.

Ẹni tó dá ọ̀wẹ̀ lábàá fún iṣẹ́ náà fúnra ẹ̀, mo gbọ́, àmọ́ ẹni tó bá bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń se oúnjẹ, oko tiẹ̀ sì ni wọ́n wá ro. Ti gbogbo ayé ni páàkì, iṣẹ́ ìlú ló yẹ ká pè é. Sítálíńgì ni mi ò tíì rí orúkọ fún, ẹni tó bá ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ránṣẹ́ kí ẹ̀gbọ́n tó lọ tẹ̀wé.