Ohun tójú mi rí ní Gao lọ́dún 2012

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi náà. Gao lórílẹ̀-èdè Màlì ni mo wà lọ́dún 2012, fóònù, ṣájà àti mẹ́mọ́rì káàdì ni mò ń tà, mo sì máa ń bá àwọn kọ́sítọ́mà kó orin sínú káàdì ọ̀hún. Odò Ọya tiwa yìí náà ló ṣàn kọjá níbẹ̀.

Ṣọ́jà gbàjọba ní Bamako, olú-ìlú Màlì, lọ́jọ́ 22 oṣù kẹta, nígbà tó fi máa di ọjọ́ 31 Gao ti bọ́ lọ́wọ́ ìjọba, àwọn ṣọ́jà tó yẹ kó ṣọ́ wa ti sá lọ. MNLA ló kọ́kọ́ gorí ìlú, àwọn Tuareg tó fẹ́ ya àríwá Màlì sọ́tọ̀ kó di orílẹ̀-èdè tí wọ́n pè ní Azawad, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti jagun fún Gaddafi ní Líbíà, ìbọn ibẹ̀ náà ni wọ́n gbé bọ̀. Olè jíjà pọ̀ lásìkò wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Ìgbà tí MUJAO, ẹgbẹ́ agbébọn tó fẹ́ fi òfin Ṣàríà ṣèjọba, wá lé wọn jáde níparí oṣù kẹfà, inú àwọn kan dùn, inú tèmi náà dùn, mi ò ní purọ́, mo ní ó kéré tán a máa lè sùn.

Síga, wọ́n ní rárá. Orin, rárá. Ọjọ́ Jímọ̀ kan báyìí, àwọn méjì gbé ìbọn wọ ṣọ́ọ̀bù mi, èyí àbúrò ò lè ju ọmọ ọdún 16 lọ. Ó sálámà, mo dá a lóhùn, Mùsùlùmí ni mí, ilé kéú ni mo dàgbà sí. Ó ní kí n tan ohun tó wà nínú káàdì. Fújì ló bọ́ sí i, fújì tó jẹ́ pé inú wéré tí wọ́n fi ń jí wa jẹ sààrì ló ti jáde! Ó da gbogbo káàdì yẹn sílẹ̀, ó fi ìdí ìbọn rún un wómúwómú, ó ní kí n máa fi Kùránì sí fóònù àwọn èèyàn. Ó ti wà nínú tèmi tipẹ́ kó tó mọ ìlú tó ń jẹ́ Gao, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ ọ́?

Lọ́jọ́ 5 oṣù kẹjọ MUJAO fẹ́ gé ọwọ́ ọmọkùnrin kan tí wọ́n ní ó jalè ní gbangba, àwọn ọ̀dọ́ Gao ya bo pápá náà, wọn ò jẹ́ kí wọ́n gé e. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Àmọ́ lọ́jọ́ 8 wọ́n gé ti ẹlòmíì ní ìlú Ansongo. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo wọ bọ́ọ̀sì gba ẹnubodè Labbezanga lọ sí Niamey lórílẹ̀-èdè Nìjẹ̀. Ṣọ́jà Faransé àti ti Màlì gba Gao padà ní oṣù kìíní 2013, èmi ò padà.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu o. Bamako lèmi wà. Lọ́dún 2025, JNIM, ẹgbẹ́ agbébọn tó so mọ́ al-Qaeda, tí Iyad Ag Ghali jẹ́ ọ̀gá fún, bẹ̀rẹ̀ sí í dáná sun táńkà epo tó ń bọ̀ láti Dakar àti Abidjan. Mo máa kírun àsùbáà tán, mo máa gbé kẹ́ẹ̀gì lọ tò, ìgbà míì ìrọ̀lẹ́ ni mo máa dé lọ́wọ́ òfo. Ìjọba ti gbogbo iléèwé pa fọ́sẹ̀ méjì, àwọn ìbejì ń bi mí bóyá ogun ti dé.

Mo ti di ẹrù pé à ń lọlé, ilé wa ní Kwara. Àfi bí mo ṣe gbọ́ níparí oṣù kẹwàá pé JNIM yìí náà ní àwọn làwọn kọlu ṣọ́jà ní Kwara. Báàgì yẹn ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.