Ọmọ tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì wa, 50 náírà ni fáìnì ẹ̀

TíṣàKékeré: Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Prámárì 4 ni mò ń kọ́ ní ìlú kékeré kan l'Ọ́ṣun, ọmọ 47 ló wà lọ́wọ́ mi. Òfin ilé ìwé wa ni pé ẹni tó bá sọ vernacular á san 50 náírà. Ẹ wá wo àwọn tó ń san án: ọmọ alágbàṣe, ọmọ ìyá onígàrí, àwọn tí ò rẹ́ni bá wọn sòyìnbó nílé. Ọmọ tíṣà kì í san kọ́bọ̀. Ọmọbìnrin kan wà, tó bá ń ṣírò ṣéńjì ní ìsọ̀ ìyá ẹ̀ ẹnu á yà yín, àmọ́ tí mo bá ti bi í léèrè ní kíláàsì, ilẹ̀ ló máa ń wò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá kò wá fún ọjọ́ méjì torí 50 náírà. Kí ni mo lè ṣe tí H.M. ò fi ní bínú sí mi?

ÌyáÌbejì: Ẹ má bínú o, òyìnbó ni mo fẹ́ kí tèmi gbọ́. Jamb ò ní fi Yorùbá béèrè fisíìsì lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ ti fáìnì yẹn, ìkà ni.

Ará_Modákẹ́kẹ́: Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yín yé mi, àmọ́ ní 1970 Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ará Yunifásítì Ifẹ̀ dán an wò ní ilé ìwé prámárì St. Stephen's "A" níbí. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ wọn ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo ẹ̀ pátá, fún ọdún mẹ́fà gbáko, tíṣà tó gbọ́ òyìnbó dáadáa ló wá ń kọ́ wọn lóyìnbó lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tó bọ́ sí òyìnbó ní prámárì 4, títí kan òyìnbó fúnra ẹ̀ o! Ìjọba àpapọ̀ náà ní 2022 ní èdè abínibí la ó fi máa kọ́ prámárì, nígbà tó di 2025 wọ́n wọ́gi lé e. Ó sú mi.

AuntyJSS: Ẹ fi ìjọba sílẹ̀ ná. Tíṣà, ẹ kọ orúkọ gbogbo wọn sí pépà wẹ́wẹ́, ẹ kó o sínú agolo mílíìkì, ẹni tọ́wọ́ bá fà yọ ló máa dáhùn, torí àwọn tó ń nawọ́, àwọn márùn-ún kan náà ni lójoojúmọ́. Kó tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí kálukú bá ẹni tó jókòó tì í sọ ọ́ ná, lédè tó bá wá sí wọn lẹ́nu, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ jọ yí i sóyìnbó lójú bọ́ọ̀dù. (Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, ọmọ H.M. lọwọ́ mi ń fà ṣáá, ọmọ náà ò sì mọ ọ̀kankan, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ìjà.) Ẹ yí ìjókòó wọn pa dà náà, àwọn tó máa ń dákẹ́ ló máa ń wà lẹ́yìn.

TíṣàKékeré: Ẹ ṣé gan-an ni mà. Mo ti rí agolo. Ti fáìnì, èmi ni mo wà ní duty lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ wọn sí yẹn, ó jọ pé ó máa sọnù.