Ṣé ayédèrú goji ni wọ́n tà fún mi?

Ọmọ Ìgbógbó: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Inú ń bí mi gan-an. Obìnrin kan lórí WhatsApp ta goji, èso pupa wẹ́wẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà, fún mi fún Màmá, omi inú ìgò àti èso gbígbẹ. Ó ní ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, ojú bàìbàì, títí kan jẹjẹrẹ. Ẹni tó gbé e wá láti Ṣábó tún gba owó ọkọ̀ tí a ò jọ sọ. Ní báyìí, bí Màmá bá ti ń fọ ẹnu, ẹ̀jẹ̀ ni, apá wọn sì ní àmì dúdú kiri. Obìnrin yẹn ò gbé fóònù mi mọ́. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ojúlówó?

Oníkẹ́mísì Ẹbúté: Oògùn wo ni Màmá ń lò?

Alájẹ Ìjẹdẹ: Ẹ da díẹ̀ sínú omi tútù nínú ife funfun. Èyí tí wọ́n pa láró, omi rẹ̀ á pupa kíá. Ti ojúlówó á kàn pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ wo ìdí èso níbi tí wọ́n ti já a: ojúlówó máa ń ní àmì funfun níbẹ̀. Ti inú ìgò, èròjà tó pọ̀ jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ. Bí omi ápù bá ṣáájú, omi ápù lẹ rà.

Ọ̀rẹ́ Èso: Ẹ má ba goji jẹ́ o. Zeaxanthin, èròjà aláwọ̀ ìyeyè inú rẹ̀, dáa fún ojú.

Alájẹ Ìjẹdẹ: Ta ló bà á jẹ́? Oúnjẹ ni, ẹbí kan náà ni òun, tòmátì àti ata. Zeaxanthin wà nínú pupa ẹyin náà. Ariwo ọjà ni "superfood", oúnjẹ àrà ọ̀tọ̀, tí wọ́n ń pè é. Ìwọ̀n ORAC tí wọ́n fi ń tà á, ìyẹn òǹkà bí èso ṣe lágbára tó láti dènà ìbàjẹ́ tí ọ́síjìn ń fà, USDA, iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn Amẹ́ríkà, yọ tábìlì rẹ̀ kúrò ní 2012, torí pé ohun tí èso ṣe nínú ìgò àyẹ̀wò kò fi ohun tí yóò ṣe nínú ara hàn.

Ọmọ Ìgbógbó: Omi pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, àmì funfun náà wà. Owó mi wá ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu ìyá ẹ, owó lò ń wá!

Oníkẹ́mísì Ẹbúté: Mo tún bi yín: oògùn wo?

Ọmọ Ìgbógbó: Ẹ má bú mi, torí wọn ni mo ṣe rà á. Kò sí oògùn kankan, àfi warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tí wọ́n ń lò látìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí wọn lẹ́sẹ̀. Èso ni mo fún wọn, kì í ṣe oògùn. Obìnrin yẹn kàn ní kí wọ́n dá ẹ̀fọ́ jíjẹ dúró ná.

Oníkẹ́mísì Ẹbúté: Há! Bó ṣe jẹ́ ojúlówó gan-an ni wàhálà yẹn. Goji máa ń mú kí agbára warfarin pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní tètè dì mọ́. Vitamin K inú ẹ̀fọ́ ló ń dín agbára oògùn náà kù. Bí wọ́n ṣe dá ẹ̀fọ́ dúró, ọ̀rọ̀ tún le sí i. Ẹ dá goji dúró. Ẹ gbé Màmá lọ sí ọsibítù nísinsìnyí, kí wọ́n tó lo warfarin tó kàn. Dókítà ni yóò sọ bóyá kí wọ́n fò ó tàbí dín in kù. Ẹ ní kí wọ́n yẹ INR wò, ìyẹn àyẹ̀wò bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì. Fún ẹ̀jẹ̀ dídì ẹsẹ̀, 2 sí 3 là ń wá. Ẹ gbé ìgò náà dání.

Ìyá Ìbejì: Ẹ kọ́kọ́ se ewédú rẹpẹtẹ fún wọn.

Oníkẹ́mísì Ẹbúté: Rárá o. Ìwọ̀n kan náà lójoojúmọ́ ni ẹ̀fọ́ wọn gbọ́dọ̀ máa jẹ́, kì í ṣe rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan. Bí ibì kan bá ń ro wọ́n, kò sí ibuprofen, kò sí aspirin. Bí ìgbẹ́ bá dúdú, tàbí orí ń fọ́ wọn burúkú, ẹ sọ ọ́ ní ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n má fi yín sórí ìlà.