Èsì: Apariwo kẹ̀? Ta ló ń pariwo?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Tótó o, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ẹ ní rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ inú ilẹ̀kùn ọkọ̀ kí orin lè dún dáadáa, ká máa pè é ní “apariwo”, torí pé ó ń pa ariwo bí panápaná ṣe ń pa iná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà sókè.

Nígbà tí a wà ní kékeré, bàbá mi á jágbe mọ́ wa: “Ta ló ń pariwo níbẹ̀ yẹn?” Kò sọ́jọ́ kan tí a dáhùn pé ńṣe là ń pa á kú. Apariwo, aláriwo ni! “Pa” kì í dá ìtumọ̀ ní, ohun tó bá tẹ̀ lé e ló ń darí rẹ̀. A pa iná, iná kú. A pa òwe, a pa àlọ́, a pa irọ́, èwo ló kú nínú wọn? Àmì ohùn pàápàá kò lè gbà yín níbí, re ni látòkè délẹ̀.

Nǹkan ọ̀hún kì í tilẹ̀ pa ariwo. Mo ti tú ilẹ̀kùn ọkọ̀ tèmi fúnra mi, mo fi rólà tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin títí apá fi ń ro mí, ẹ má ṣe kọ́ mi níṣẹ́ yẹn. Rọ́bà butyl ni, ó sábà máa ń nípọn tó nǹkan bíi mìlímítà 2, alumíníọ́mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló bo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí sípíkà bá ń lù, irin ilẹ̀kùn á máa gbọ̀n. Rọ́bà yìí á gba gbígbọ̀n náà, á sọ ọ́ di ooru díẹ̀. Ẹ fi ìka kan irin náà kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́: gbaangan! Ẹ kàn án lẹ́yìn náà: pọ́. Kò dìgbà tí ẹ bá bò ó tán. Ìdá kan nínú mẹ́rin ti ń ṣe bẹbẹ. Ariwo táyà àti ti afẹ́fẹ́ ńkọ́? Wọ́n ṣì ń wọlé. Fáínìlì wíwúwo, ìyẹn ike pẹlẹbẹ tó rọ̀, àti fóòmù ló ń bá ìyẹn fà á. Tí ẹ bá sì dí àwọn ihò ilẹ̀kùn, ìró ẹ̀yìn sípíkà kò ní yí wá síwájú láti jẹ ti iwájú run, orin á wá rinlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Apariwo wo nìyẹn?

Àǹtí wa tó mú “adíró” wá gbìyànjú, ṣùgbọ́n fáínìlì ló ń dí ìró, òun ni kí á fún. Kí ẹ sì fi àmì sí i o, kí ẹnìkan má lọ kà á sí àdìrò, kó gbé ìkòkò lé ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Amúrindákẹ́ lèmi ń pè é ní tèmi. Bí amúlétutù ṣe mú ilé tutù lèyí mú irin dákẹ́. Ẹni tó bá ní ó gùn, kó lọ bá amóhùnmáwòrán jà. Àwọn tó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì jókòó tì í, wọ́n wo ohun tó ń ṣe kí wọ́n tó lanu.

Ní ti ẹni tó sọ bass, ìró orin tó ń rinlẹ̀ yẹn, ní “ohùn ìsàlẹ̀”, àmì ohùn dò ló ti ń jẹ́ orúkọ yẹn, òun ló ń gbé ilé yẹn. Mo sọ ọ́ lóṣù tó kọjá, kò sẹ́ni tó fèsì.